Súwẹ́tà Aláwọ̀ Aró

Ó ṣojú mi kòró. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbà mí gbọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ lọ bi àwọn eṣinṣin igbó Tarangire léèrè, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ.

Iṣẹ́ mi ní ìlú Arusha, ní Tanzania, ni kí n máa múra àwọn àlejò sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ igbó lọ wo ẹranko. Aikande ni awakọ̀ wa. Ọmọbìnrin mi ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi. Èmi á tú ẹrù àwọn àlejò wò, òun á gbé wọn lọ, èmi náà á sì tẹ̀ lé wọn lọ dáná. Lọ́jọ́ tí a bá ń tú ẹrù, ẹnu mi kì í sinmi.

"Ẹ gbé àpótí onítáyà yìí kúrò níwájú mi, báàgì rírọ̀ ni mo ní kí ẹ mú wá. Ẹ yọ báàgì ọ̀rá yẹn sọnù, ìjọba ò gbà á. Oògùn ibà ńkọ́? Fìlà ńkọ́? Ẹ mú aṣọ òtútù o! Àárọ̀ ibí yìí máa ń tutù, ẹ má jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n tàn yín."

Èyí tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù ni aṣọ. Kò sí dúdú, kò sí aláwọ̀ aró. Eṣinṣin amùjẹ̀ kan wà nínú igbó wa tó fẹ́ràn àwọ̀ méjèèjì yìí bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn ṣúgà. Àwọn tó ń dẹ páńpẹ́ fún un, aṣọ aró àti aṣọ dúdú ni wọ́n ń so mọ́ igi. Bó bá bù ọ́ jẹ, wàá pe orúkọ ìyá rẹ.

Ìyáàfin Hedda dé tòun ti súwẹ́tà aró lọ́rùn. Òyìnbó ni, arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́, òun nìkan ló dá wá. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó ní rárá.

"Mà, eṣinṣin á jẹ yín pa o."

"Ì bá dùn mọ́ mi," ló wí.

Mo rò pé àwàdà ni. Aikande rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Àwọn ló kúkú ni ẹ̀jẹ̀ wọn."

Ọ̀sán gangan la wọ ibi tí igi ẹlẹ́gùn-ún ti pọ̀. Eṣinṣin bò wá. Wọ́n ń kùn létí mi. Wọ́n gún mi lọ́rùn, wọ́n gba orí ṣòkòtò gún Aikande nítan. À ń gbá ara wa, à ń kígbe. Mo wá rí i pé ẹnì kan ò kígbe lẹ́yìn ọkọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn.

Kò sí ẹyọ kan lára obìnrin náà.

Wọ́n ń bà lé irin ọkọ̀. Wọ́n ń bà lé àga lọ́tùn-ún rẹ̀ àti lósì rẹ̀. Súwẹ́tà aró yẹn, wọn ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Obìnrin náà ti ká apá aṣọ sókè, ó na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, ó ń dúró. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Wọn ò fẹ́ mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Orí mi wú.

Nígbà tí a dé àgọ́, Bàbá Loserian jáde wá. Àgbà Maasai ni, ẹ̀yà darandaran, òun ló ń ṣọ́ àgọ́ wa. Ó kí mi, ó kí Aikande. Ó wo àlejò náà títí, kò kí i. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Ṣé eṣinṣin bà lé e?"

"Rárá."

"Màlúù tí eṣinṣin bá ti kọ̀, àwa kì í jẹ ẹran rẹ̀, a kì í mu wàrà rẹ̀. Ẹ dá a padà lọ́la. Ẹ má gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo fẹ́ sọ fún Aikande, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ti sùn. Mo ní tó bá jí.

Ilẹ̀ mọ́. Òtútù mú gan-an. Igbó dákẹ́ rọ́rọ́, ẹyẹ kan ò ké. Mo gbé tíì jáde. Aikande dúró ti ọkọ̀, súwẹ́tà aró wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìyáàfin rí i pé mò ń gbọ̀n, Màmá. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ. Ó móoru gan-an ni."

Ife já lọ́wọ́ mi. "Bọ́ ọ! Aikande, bọ́ ọ, mo bẹ̀ ọ́!"

Ó bọ́ ọ. Ẹnì kan pariwo lẹ́yìn wa. Ìyáàfin Hedda ló dúró lẹ́nu àgọ́ rẹ̀, ó gbé ọwọ́ sókè. Eṣinṣin kan wà lápá rẹ̀, ikùn eṣinṣin náà ń pọ́n, ó ń wú. Obìnrin náà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ó dùn mí! Ẹ wò ó, ó dùn mí!"

Obìnrin náà padà sí ìlú rẹ̀, súwẹ́tà wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Láti ọjọ́ náà, eṣinṣin ò bà lé ọmọ mi mọ́. Ẹ̀fọn pàápàá ò jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ugali, òkèlè àgbàdo wa, ó ń wakọ̀, ṣùgbọ́n kì í làágùn, ó sì ń fúyẹ́ sí i. Nígbà kan tó sùn, mo gbé etí lé àyà rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí. Ọmọ mi ń lọ, mo sì ń wò ó.

Mo jí súwẹ́tà náà wọ̀, mo lọ dúró láàárín igi ẹlẹ́gùn-ún. Eṣinṣin jẹ mí bí ẹni pé mo jẹ wọ́n ní gbèsè. Mo rí i pé kì í mú ẹni tó jí i, àfi ẹni tí a bá fún; mo wá bẹ Aikande pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún mi.

"Láéláé, Màmá."

Ìsàlẹ̀ báàgì rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì mú un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, a gbé ìyàwó tuntun kan àti ọkọ rẹ̀ láti Dodoma. Pẹ̀lú gbogbo ariwo mi, ọmọbìnrin náà gbàgbé aṣọ òtútù sílé. Láàárọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó yíjú sí Aikande.

"Àǹtí, ẹ ò ní aṣọ kan tí ẹ lè yá mi?"

Ọwọ́ Aikande lọ sínú báàgì. Ó dúró síbẹ̀. Mo fẹnu sí i létí.

"Fún un," ni mo wí.

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.

"Ẹnì kan ló bí òun náà, Màmá."

Ó pa báàgì dé. Ó tú ìborùn tó wà lọ́rùn mi, ó nà án sí ìyàwó náà. Ó ṣáná sí ọkọ̀, ó sì wakọ̀ wọ àárín igi ẹlẹ́gùn-ún. Eṣinṣin rọ́ wọlé. Wọ́n gba iwájú ojú ọmọ mi kọjá, wọ́n wá bà lé mi. Mi ò lé wọn.