Táyà Olówó Pọ́ọ́kú Lójú Ọ̀nà Edéa

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ ní Bépanda, àdúgbò kan ní Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé náà tó mọ́. Oṣù kẹjọ ni, nígbà tí òjò Douala kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó dé. Juliana ń di oúnjẹ sínú kúlà nígbà tí Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ pè é láti ìta.

"Ìyá Precious, wá wo bàtà tuntun tí mo wọ̀ fún ọkọ̀ wa."

Juliana fi ìborùn bo orí, ó jáde. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúdú minimini, wọ́n ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa wọ́n lára. Ó lóṣòó, ó wo orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan.

"Irú táyà wo rèé? Mi ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí."

"Orúkọ kọ́ ló ń gbé ọkọ̀ rìn. Owó tí mo fi ra gbogbo wọn kò tó ra méjì nínú àwọn tó lórúkọ. Rọ́bà kan náà ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Ẹni tó tà á fún mi."

Ọjọ́ ti pẹ́ tí Juliana ti ń ta aṣọ ní ọjà Marché Congo. Ó mọ bí ẹnu ọlọ́jà ṣe máa ń dùn nígbà tí ọjà bá ti pẹ́ lórí àtẹ. Ó fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú ọkọ rẹ̀ ń dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Ìlú Edéa ni wọ́n ń lọ. Ìjọ wọn fẹ́ ṣí ẹ̀ka tuntun níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Gbádébọ̀ ló ń bójú tó bọ́ọ̀sì ìjọ, ó sì ti ṣètò pé kí bọ́ọ̀sì náà kó àwọn ìyá ìjọ tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ìyá tó bí i lọ́mọ, tí gbogbo ìjọ ń pè ní Màmá Àlàó, wà lára àwọn tí yóò wọ̀ ọ́.

Ní Ndokoti, wọ́n dúró gbé Kẹ́misọ́lá, ọmọ àbúrò bàbá Juliana. Douala ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní visite technique. Òjò ò jẹ́ kó wo ọ̀tún wo òsì. Ó pa agbòòrùn dé, ó kó sẹ́yìn ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Precious, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ọmọ kan ṣoṣo tí Juliana bí.

"Ẹ kú òjò o, Bọ̀dá. Àǹtí, ẹ kú òjò."

Nígbà tí wọ́n kọjá afárá Dibamba, òjò náà le sí i. Omi bo ojú títì. Àwọn tírélà tó ń ti Yaoundé bọ̀ ń da omi sójú gíláàsì wọn, ojú a sì ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀ kí ọ̀nà tó tún hàn.

"Bàbá Precious, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra."

"Mo ń rọra."

Síbẹ̀ kò rọra tó. Àyà Juliana ti ń já. Ní ibì kan tí ọ̀nà ti yà díẹ̀, Gbádébọ̀ yí sítíárìn, ọkọ̀ náà sì kọ́kọ́ ń lọ tààrà kó tó gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pe ọmọ, tí ọmọ náà sì ń ronú bóyá kí òun dáhùn. Juliana rí i tí ojú ọkọ rẹ̀ yí padà.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan."

Juliana mọ ohùn yẹn. Ohùn tí Gbádébọ̀ máa ń fi sọ̀rọ̀ nìyẹn bí ẹ̀rù bá ń bà á tí kò fẹ́ kí ilé mọ̀.

Wọ́n yí kọ́nà kejì. Tírélà kan tó kó gẹdú ti kú sójú ọ̀nà níbẹ̀. Awakọ̀ rẹ̀ ti já ewé igi sílẹ̀ lẹ́yìn kí àwọn tó ń bọ̀ lè mọ̀, ṣùgbọ́n omi ti gbá ewé náà lọ.

Gbádébọ̀ tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ náà kò dúró. Kò tilẹ̀ pariwo. Ó kàn ń yọ̀ lọ lórí omi jẹ́ẹ́, ó ń lọ bá ìdí àwọn gẹdú tó yọ síta lẹ́yìn tírélà. Juliana rí ìdí igi ńlá kan kedere, ó rí nọ́ńbà tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ sí i. Ó wá sí i lọ́kàn pé ohun tí òun yóò rí gbẹ̀yìn láyé nìyẹn.

"Màmá, j'ai peur," Precious sọ lẹ́yìn ọkọ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí."

Juliana na ọwọ́ sẹ́yìn, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Gbádébọ̀ fa sítíárìn sápá ọ̀tún. Táyà kan rí ilẹ̀ mú, ọkọ̀ fò kúrò lójú títì, ó gba orí koríko, ó yí ìdí padà, ó dúró. Kòtò jíjìn kan wà níwájú wọn, omi ẹrẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀.

Ohun tó ń nu gíláàsì ń lọ, ó ń bọ̀.

Kẹ́misọ́lá ló kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. "Bọ̀dá, bíréèkì yín ńkọ́?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe ni."

"Táyà ńkọ́?"

"Tuntun ni gbogbo wọn."

Kẹ́misọ́lá bọ́ sínú òjò, ó lóṣòó ti táyà iwájú. Ó fi èékánná tẹ rọ́bà náà, kò wọlé rárá. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń wá nǹkan kan, ó sì rí i.

"Bọ̀dá, ẹ wá wo nọ́ńbà mẹ́rin yìí. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é. Méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe táyà yìí. Ó ju Precious lọ lọ́jọ́ orí."

"Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò lò ó rí."

"Ènìyàn ò lò ó, òòrùn ti lò ó. Ẹ wo bó ṣe sán wẹ́wẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Rọ́bà tó bá ti gbó tó báyìí ti gan, kò lè di ilẹ̀ mú nínú omi mọ́. Nǹkan dúdú kan ni wọ́n fi pa á lára tó fi ń dán."

Gbádébọ̀ yí ojú padà sí ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Ó fọwọ́ wá fóònù nínú àpò.

"Kí ni, Bàbá Precious?"

"Ọwọ́ ẹni tó ta èyí fún mi náà ni mo ti ra ti bọ́ọ̀sì."

Òtútù kan gba ara Juliana láti orí dé ẹsẹ̀, kì í sì í ṣe ti òjò. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn. Kọ́nà yìí náà ni yóò yí. Tírélà yìí náà ni yóò bá. Àwọn ìyá ìjọ kún inú rẹ̀, Màmá Àlàó sì máa ń jókòó síwájú nítorí orúnkún rẹ̀.

Gbádébọ̀ ti ń pe Amos, ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì náà. Fóònù kò lọ. Ó tún un pè. Kò lọ.

"Ẹ sáré padà kọjá kọ́nà," ni Kẹ́misọ́lá wí, "kó lè rí yín látòkèèrè. Ẹ má dúró sójú títì. Bó bá tẹ bíréèkì lójijì, á yọ̀ bí tiwa. Ẹ máa fọwọ́ júwe fún un pé kó dín eré kù díẹ̀díẹ̀." Ó fa Precious mọ́ra, ó mú un lọ sábẹ́ igi kan tó jìnnà sí ọ̀nà.

Juliana bọ́ bàtà sílẹ̀, ó sáré. Òkúta ń gún un lẹ́sẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Gbádébọ̀ wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ ni àyà rẹ̀ ń já sí. Takisí kan kọjá. Ọkọ̀ ẹlẹ́ja kan kọjá. Ó ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tó ń wí, "Jésù, dá wọn dúró, dá wọn dúró" ṣáá ni.

Lẹ́yìn náà ló rí i. Bọ́ọ̀sì funfun ìjọ ń bọ̀ lórí omi, iná rẹ̀ méjèèjì tàn. Ó ń sáré. Bó ti ń sún mọ́ wọn, Juliana gbọ́ orin tí àwọn obìnrin náà ń kọ, àtẹ́wọ́ sì ń dún sí i.

Ó já ìborùn lórí, ó ń jù ú sókè sódò. Gbádébọ̀ na ọwọ́ méjèèjì, ó ń rọ̀ wọ́n wálẹ̀, ó ń rọ̀ wọ́n wálẹ̀, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Amos rí wọn. Iná ọkọ̀ ṣẹ́jú. Eré bọ́ọ̀sì náà ń dín kù, ó ń dín kù. Juliana ti fẹ́ mí kanlẹ̀ nígbà tí táyà iwájú bẹ́. Ó dún bí ìbọn. Bọ́ọ̀sì náà ṣẹ́ orí sí apá ibi tí Gbádébọ̀ wà, Gbádébọ̀ fò sínú igbó, bọ́ọ̀sì sì lọ fi imú gbá òkìtì ilẹ̀ létí ọ̀nà. Ó dúró síbẹ̀.

Orin dákẹ́. Ẹkún ló tẹ̀lé e.

Kò sí ẹni tó kú. Àwọn kan fi orí gbá àga, ẹnu ẹlòmíràn bẹ́. Màmá Àlàó, tó wà níwájú, ṣẹ́ lápá. Nígbà tí Amos sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Ká ní mi ò rí yín ni," ó sọ fún Gbádébọ̀, "orí eré yẹn ni ǹ bá wà tí táyà á fi bẹ́. Ǹ bá ti kó gbogbo wọn wọ abẹ́ tírélà."

Àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá ló gbé wọn dé ọsibítù ní Edéa. Nígbà tí dókítà ń to apá Màmá, Gbádébọ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, aṣọ rẹ̀ ṣì ń ro omi. Juliana jókòó tì í. Kò bá a wí. Ẹ̀rù tó bà á kò tíì fi àyè sílẹ̀ fún ìbínú.

"Kẹ́mi," ni Gbádébọ̀ wí nígbẹ̀yìn, "sọ òótọ́ fún mi. Ṣé táyà olówó pọ́ọ́kú kò lè dára bí èyí tó lórúkọ ni?"

"Bọ̀dá, mi ò ní tàn yín. Bí òjò bá ń rọ̀, tí ọkọ̀ sì ní láti dúró kíá, ọ̀pọ̀ àwọn olórúkọ máa ń tètè dúró ju ti owó pọ́ọ́kú lọ. Wọ́n sì máa ń pẹ́ kí ojú wọn tó jẹ. Ara ohun tí wọ́n ń gbowó lé nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, owó oṣù mi kò gbé wọn. Táyà ọkọ̀ mi kì í ṣe olórúkọ ńlá."

Juliana gbójú sókè. "Kí ló wá fi yàtọ̀ sí tiwa?"

"Ṣọ́ọ̀bù tó ń fúnni ní rìsíìtì ni mo ti rà á, Àǹtí. Mo ka ọdún rẹ̀. Mo wo bó ṣe tóbi tó àti ẹrù tó lè gbé, mo fi wé ohun tí wọ́n kọ sí etí ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi. Bó sì ṣe jẹ́ pé mo mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ, mi kì í sáré nínú òjò. Táyà owó kékeré tó jẹ́ tuntun ní tòótọ́, tó bá ọkọ̀ mu, ó sàn ju olórúkọ tó ti gbó lọ. Tiyín gbó. Èyí tí wọ́n sì fi sẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì, mo wò ó kí a tó kúrò níbẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n ṣe é fún. Ó bá ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ru odidi ìjọ."

Nígbà tí dókítà jẹ́ kí wọ́n wọlé, Gbádébọ̀ dọ̀bálẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn ìyá rẹ̀.

"Ṣé gbogbo àwọn tá a jọ wà nínú bọ́ọ̀sì ló ń mí?"

"Gbogbo wọn ni, Màmá."

"Ó dáa. Dìde. Lọ yọ àwọn tó kù kúrò lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ná, kí o tó wá máa dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Gbádébọ̀ lọ. Òun àti Amos yọ gbogbo táyà náà, ti bọ́ọ̀sì àti ti ọkọ̀ ilé, wọ́n sì fi ayùn rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣà wọ́n lọ kùn ní dúdú lẹ́ẹ̀kan sí i. Apá Màmá jinná, ṣùgbọ́n kò nà tán mọ́. Títí di òní, bí òjò bá ká ìdílé náà mọ́ ojú ọ̀nà, Juliana a na ọwọ́ sẹ́yìn láti di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá ní agbára àtira táyà tí a ti dán wò tí a sì mọ̀ sí rere, ẹ rà á, pàápàá bí ọ̀nà jíjìn bá jẹ́ tiyín. Bí owó kò bá tó, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ra èyí tí owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ẹ má ra ohun tí ẹ kò yẹ̀ wò. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó ń sọ ọdún rẹ̀. Bó bá ti pẹ́ ju ọdún díẹ̀ lọ, ẹ dá a padà, bó ti wù kó máa dán tó. Ẹ rí i pé ó lè gbé ẹrù ọkọ̀ yín. Táyà tí ẹlòmíràn ti lò, tí ẹ kò mọ ibi tó ti rìn dé, ẹ yẹra fún un.

Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín ńkọ́? Ẹ máa wo ìlà ojú rẹ̀, nítorí ìlà yẹn ló ń ti omi sẹ́yìn. Bó bá ti ń pa rẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nígbà tó bá tutù, kí ẹ tó kúrò nílé. Táyà tó wù kó jẹ́, olówó ńlá tàbí kékeré, bí omi bá ti bo títì, ẹ dín eré kù, ẹ sì jìnnà sí ọkọ̀ tó wà níwájú.

Ibi tí táyà kan fi ń kan ilẹ̀ kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Orí irú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin àti àwọn ọmọ yín jókòó lé lójú ọ̀nà.