Dígí Kékeré Tó Dá Ìyá Àgbà Dúró

Gbogbo ẹni tó wọ inú ilé àtúnṣe bàálù lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ló ń gbé ojú sókè. Bàálù alájà méjì tó dúró síbẹ̀ tóbi débi pé àwọn èèyàn tó wà lábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ dà bí èèrà. Àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é ní Ìyá Àgbà. Ilé-iṣẹ́ náà ti pinnu pé irú bàálù bẹ́ẹ̀ kò ní kó èrò mọ́, torí wọ́n ti gbó, wọ́n sì ń mu epo jù. Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àgbà yóò kó èrò lọ sí Paramaribo, ìlú kan lókè òkun, fún ìgbà ìkẹyìn. Bó bá padà dé, wọn yóò gé e bí irin àlòkù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí àwọn òṣìṣẹ́ mú ẹbí wọn wá dágbére fún un.

Jikke, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta, ó ń wo Wiebe, bàbá rẹ̀, tó ti orí bọ inú ẹ́ńjìnnì kan. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni Wiebe ti ń tún bàálù yìí ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Terpstra ọ̀gá wọn yóò yan àwọn tí yóò kọ́ iṣẹ́ bàálù tuntun. Ẹni tí wọn kò bá yàn, kò dájú pé yóò rí iṣẹ́ ṣe. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ nílé wọn, ṣùgbọ́n oorun ti dá lójú ìyá Jikke.

Maud ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró tì í.

"Kí lo máa mú lọ sí kíláàsì ní Mọ́ńdè láti fi rántí bàálù yìí?" Maud bi í. "Bram ọmọ kíláàsì wa, tí bàbá ẹ̀ ń ta òdòdó, ti rí bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ rà. Ìwọ tí bàbá ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sùn nínú bàálù yìí, fọ́tò lásán lo ní."

"Wọ́n ní ká má fọwọ́ kan nǹkan."

"Ta ló ń wò ẹ́? Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́, ọmọ dáadáa."

Pátákó irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ wà nítòsí wọn. Wọ́n fi ọ̀dà pupa ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí rẹ̀, kí ojú lè tètè rí èyí tí kò sí níbẹ̀. Láti kékeré ni Jikke ti mọ òfin náà: bí iṣẹ́ bá parí, tí irinṣẹ́ kan kò sí lórí àwòrán rẹ̀, bàálù kò gbọdọ̀ gbéra, torí ó lè jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì ló wà. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bàálù tí wọ́n fẹ́ gé, ta ni yóò tún máa wá irinṣẹ́ rẹ̀? Ó na ọwọ́, ó mú dígí kékeré kan tó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n fi ń wo kọ̀rọ̀ tí ojú kò lè dé. Ó tì í bọ àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

Wiebe kò wálé wá jẹun lálẹ́. Ó ní iṣẹ́ kò tíì tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀pọ̀ èèyàn wá wo Ìyá Àgbà lẹ́yìn wáyà pápá bàálù, Jikke, ìyá rẹ̀ àti Maud sì wà láàárín wọn. Àwọn àgbàlagbà gbé àkàbà wá kí wọ́n lè wo òkè wáyà. Wọ́n ń da kọfí, wọ́n ń pín búrẹ́dì oníwàràkàṣì, òjò wínníwínní ń rọ̀ sí wọn lórí. Bàálù kéékèèké ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Ìyá Àgbà kò yọjú.

"Ó ti darúgbó, eékún ń dùn ún," ọkùnrin kan sọ láti orí àkàbà rẹ̀.

"Ìwọ tí mo ti lẹ́yìn kó o tó lè gun àkàbà ńkọ́?" ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín.

Fóònù ìyá Jikke dún. Ó gbọ́ ọ títí, ojú rẹ̀ sì yí padà.

"Bàbá ẹ ni," ó ní. "Láti àná ni wọ́n ti ń wá dígí kan. Òun ló lò ó kẹ́yìn, kò sì rántí bóyá ó mú un jáde nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹnì kan ní kó wá òmíràn fi dípò, kó panu mọ́. Ó kọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ sọ fún Terpstra. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ yan èèyàn gan-an ni irú èyí wá ṣẹlẹ̀."

Jikke fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Dígí náà tutù. Maud fà á lọ sí etí kòtò omi tó wà lẹ́yìn ọ̀nà kẹ̀kẹ́.

"Jù ú somi," Maud ní. "Kò sẹ́ni tó rí wa. Tó o bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní ọmọ Wiebe ń jalè."

"Tí mi ò bá jẹ́wọ́, wọ́n á ní Wiebe gbàgbé irinṣẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì."

"Wọ́n á gbàgbé tó bá yá."

"Bàbá mi ò ní gbàgbé. Títí láé ni bàbá mi á máa rò pé díẹ̀ ló kù kóun pa èèyàn."

"Ìwọ lo mọ̀. Má ṣáà dárúkọ mi."

Jikke na dígí náà sórí omi. Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní etí omi yẹn, èké kò tilẹ̀ béèrè owó. Kí ó ṣáà la ọwọ́ ni. Ó dá dígí padà sápò, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀.

"Màmá, ẹ pè wọ́n padà. Ọwọ́ mi ni dígí yẹn wà."

Ìyá rẹ̀ tẹ nọ́ńbà Wiebe. Kò pariwo. Ó na fóònù sí i. "Fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́."

Nígbà tí wọ́n dé ilé àtúnṣe, Wiebe jáde sí wọn, ojú rẹ̀ pọ́n. Jikke na dígí sí i. Kò gbà á.

"Ìwọ lo mú un," ó ní. "Ìwọ ni wàá dá a padà síbi tó wà."

Jikke la àárín àwọn òṣìṣẹ́ kọjá. Wọ́n jókòó sílẹ̀, ọwọ́ wọn dúdú fún gírísì. Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì Ìyá Àgbà palẹ̀ bí ẹja tí wọ́n là. Kò sẹ́ni tó bú u, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù. Lórí pátákó, àwòrán pupa kan ṣoṣo ló ṣófo. Ó fi dígí kọ́ síbẹ̀.

"Ẹ forí jì mí, ọ̀gá," ó sọ fún Terpstra. "Bàbá mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Mo mọ̀," Terpstra ní. "Ṣùgbọ́n òun ló ń ṣọ́ pátákó yẹn. Bàálù mìíràn ti kó èrò náà lọ. Àwọn kan nínú wọn ti ń retí àtibá Ìyá Àgbà rin ìrìn ìkẹyìn yìí láti ọdún tó kọjá."

Ìyá Àgbà kò kó èrò mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ó gbéra lófìfo nínú òjò, ó lọ síbi tí wọn yóò ti gé e. Kò sí àkàbà kankan lẹ́yìn wáyà. Wọn kò yan Wiebe. Torí pé ó sọ òótọ́ tó lè pa á lára, Terpstra kò lé e, ó ní kí ó máa wa ọkọ̀ ẹrù èrò títí di ìgbà tí wọn yóò tún yan èèyàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbọ́ èyí, wọ́n ń jẹ ọbẹ̀ ẹ̀wà.

"Bàbá, ṣé ẹ ṣì ń bínú?" Jikke béèrè.

"Mò ń bínú." Wiebe ya búrẹ́dì sí méjì, ó na ìdajì sí i. "Ṣùgbọ́n mo mọ̀ báyìí pé kì í ṣe èmi ni mo fi í sínú ẹ́ńjìnnì. Oorun ń kùn mí."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, nǹkan kékeré tí kì í ṣe tiwa lè dá nǹkan ńlá dúró, ẹlòmíràn ló sì sábà máa ń jìyà rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ kò dá ìrìn àjò Ìyá Àgbà padà, kò sì dá iṣẹ́ Wiebe padà. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ẹ̀bi kúrò lórí ẹni tí kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá mú nǹkan níbi tí kò yẹ, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà, bí ojú tilẹ̀ ń tì í.