Iná Tó Já Lára Ìbọn Garrett

Ọjọ́ tí wọ́n ń sàmì sára àwọn ọmọ màlúù ní oko bàbá Garrett ni Keziah kọ́kọ́ rí i. Garrett di ọmọ màlúù kan mú kí Keziah lè gún un lábẹ́rẹ́. Ẹranko náà ta á nípàá, Garrett sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀.

Keziah kò rẹ́rìn-ín. Bàtà ara rẹ̀ ló ń wò. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níwèé nílé láti kékeré, ojú sì máa ń tì í níwájú àlejò.

"Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé nílé," Garrett wí, bó ṣe ń nu ẹrẹ̀ kúrò létí, "ṣé wọn kì í kọ́ yín lẹ́rìn-ín ni?"

"Wọ́n ń kọ́ wa. A ń dúró kí ohun tó pani lẹ́rìn-ín kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni."

Micah, ẹ̀gbọ́n Keziah ọkùnrin, rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi ọgbà mú. "Garrett, o ti kó sí i. Ọ̀rọ̀ ṣọ̀wọ́n lẹ́nu àbúrò mi, ìwọ ló wá fi èyí tó ní lónìí bú."

Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọ̀ wọ́n lára. Garrett á wá sí ṣọ́ọ̀bù tí Orrin, bàbá àgbà Keziah, ti ń tún ìbọn ṣe. Á ní ọta lòun wá rà, á sì jókòó títí kọfí á fi tutù. Bí bàbá àgbà bá yíjú, á pe Keziah ní "olólùfẹ́ mi" kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ti tọrọ Keziah lọ́wọ́ Lorena, ìyá rẹ̀. Ìyá náà sì ti gbà.

Ìgbà náà ni àwọn olè ń jí màlúù kó ní apá Wyoming níbi tí wọ́n wà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Micah wọ abà àwọn Garrett, ó fẹ́ dá jáàkì ọkọ̀ tó yá padà. Garrett rí òjìji nínú òkùnkùn. Kò pè é. Ó yìnbọn.

Micah kú. Ilé ẹjọ́ ní àṣìṣe ni.

"Àṣìṣe ni téèyàn bá da iyọ̀ sí kọfí," Lorena wí. "Ọmọ mi kì í ṣe kọfí."

Keziah náà kórìíra Garrett. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kò tíì dẹ́kun àtimáa fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ àti ìkórìíra jọ ń sùn lórí ibùsùn kan náà ní àyà rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tán, Garrett wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá àgbà ti lọ sáàrin ìlú. Lorena ń to páálí ọta.

Garrett ṣí fìlà. "Ẹ káàsán mà. Keziah, jọ̀wọ́, bá mi fi iná tọ́ọ̀ṣì sí ìbọn yìí. Mi ò fẹ́ yìn sí ohun tí mi ò rí mọ́."

Ìbọn ìléwọ́ kan náà ni, èyí tó pa Micah.

"A ti sin òkú tán," Lorena wí, "o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá fìtílà."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ti pẹ́ jù."

Lorena fa ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Má fún ṣíkúrù tó máa di iná náà mú pa. Jẹ́ kí iná yẹn já lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀. Kí òkùnkùn ṣe é bó ṣe ṣe wá."

Keziah gbé ìbọn náà sórí tábìlì. Ó yọ àpò ọta kúrò nínú ìbọn, ó fa irin òkè ìbọn sẹ́yìn, ó wo inú rẹ̀, ó tún fi ìka kàn án. Òfìfo ni. Ó kó gbogbo ọta lọ sí yàrá kejì bí bàbá àgbà ṣe kọ́ ọ. Ó mú iná tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó tì í wọ irin abẹ́ ẹnu ìbọn títí irin ìdábùú rẹ̀ fi bọ́ sínú ihò tó gbà á. Ó yẹ kó kán gọ́ọ̀mù sí ṣíkúrù kó má bàa tú, kó sì fún un títí ọwọ́ á fi kọ̀. Kò kán nǹkan kan. Ó yí i díẹ̀, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé yóò dúró títí di ìgbà tí ìbọn bá dún, kó tó wá já.

Inú rẹ̀ dùn, ìdùnnú burúkú tó gbóná bí ọtí líle.

Ṣùgbọ́n òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ìbọn tí wọ́n bá fi iná sí kì í jáde láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín gbé e wọ yàrá oúnjẹ ẹṣin, tí kò ní fèrèsé. Èèyàn páálí kan wà níbẹ̀ tí bàbá àgbà máa ń fi nǹkan há lọ́wọ́. Ilẹ̀ ni oníbàárà á tan iná sí, pẹ̀lú ìbọn òfìfo, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ilẹ̀ ta padà ń fi ojú èèyàn hàn láìjẹ́ pé a na ìbọn sí i. Á sì dárúkọ ohun tó bá rí lọ́wọ́ èèyàn páálí náà.

Lọ́jọ́ náà, Keziah gbé ẹ̀wù Micah wọ èèyàn páálí náà, ẹ̀wù tí ihò ọta wà láyà rẹ̀. Ó fi fìlà Micah dé e lórí.

"Wọlé," ó sọ fún Garrett. Ó tẹ̀ lé e, ó ti ilẹ̀kùn.

Garrett dojú ìbọn kọ ilẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Iná kọ mànà, ó já, ó bọ́ sílẹ̀, ó kú. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé nìkan ló kù, pẹ̀lú òjìji ọkùnrin kan tó dé fìlà.

Keziah ń retí kí Garrett bú òun, tàbí kó sá jáde. Garrett rọra gbé ìbọn sílẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

Ó tún béèrè.

"Jọ̀wọ́, ta ni? Mi ò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan. Ṣáà dárúkọ ara rẹ."

Omijé gba ojú Keziah. Ìbéèrè kékeré yìí náà ni ì bá dá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí.

"Micah ni," ó wí, ó sì ṣílẹ̀kùn.

Garrett rí ẹ̀wù náà. Ó kúnlẹ̀, ó fi orí kan apá rẹ̀, ó sunkún láìbojú. Lorena dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láti ìgbà òtútù ló ti ń fẹ́ rí ẹkún yẹn. Ó wò ó tẹ́rùn, ó sì lọ.

Keziah gbé iná náà nílẹ̀, ó padà sídìí tábìlì. "Mo mọ̀ọ́mọ̀ má fún un pa ni."

"Mo rí ọwọ́ rẹ," Garrett wí. " O ò kán gọ́ọ̀mù."

"O rí i, o ò sọ̀rọ̀? Wàá wá gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀tọ́ rẹ ni."

Keziah gbé ìbọn náà, ó tún ti iná wọ ara rẹ̀. Ó kán gọ́ọ̀mù sí ṣíkúrù, ó fún un títí ọwọ́ fi kọ̀, ó sì mì ín. Kò yẹ̀. Garrett fẹ́ ti ìbọn náà bọ inú àpò ìgbànú rẹ̀, kò wọlé.

"Àpò àtijọ́ kì í gbà á mọ́ tí iná bá ti wà lára rẹ̀." Keziah fi aṣọ dì í fún un.

"Olólùfẹ́ mi..."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Garrett. Mi ò sì lè fẹ́ ọ. Ihò yẹn ni màá máa rí láyà rẹ lójoojúmọ́." Ó gbójú sókè, kò wo bàtà mọ́. "Ẹnikẹ́ni tó bá wọ abà yín, béèrè ẹni tó jẹ́. Ì báà ṣe olè. Máa béèrè títí wàá fi kú. Ẹ̀san mi nìyẹn."

Garrett dé fìlà, ó lọ.

Wọ́n ní ológbò pàápàá kò lè wọ abà yẹn mọ́ kí Garrett má bi í pé ta nìyẹn. Àwọn aládùúgbò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Keziah bá ń gun ẹṣin kọjá lójú ọ̀nà, òun náà máa ń gbọ́ ìbéèrè náà. Á dá ẹṣin dúró díẹ̀.

Kì í dáhùn.