Fèrèsé Tó Ń Dáhùn Fúnra Rẹ̀

Lọ́jọ́ tí Ìdáyátù kọ́kọ́ rí Abdulqudus, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni ọkùnrin náà fi gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká wọ ọ́fíìsì wọn ní Maitama, bí ẹni gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná. Ó ga, ó dúdú, ó ń dán. Òógùn bo imú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ o! Ẹ̀pà tó wà lẹ́nu Ìdáyátù ò ṣeé jẹ mọ́.

Ìdáyátù ló ń mójú tó bí àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sọ́fútíwíà tí Abdulqudus ṣe ló máa ń ya gbogbo wọn sínú àwòrán kan, pẹ̀lú okùn tó so ọ̀kan mọ́ èkejì. Fèrèsé tuntun kan ló fi sínú sọ́fútíwíà náà, èyí tó máa ń yọ sójú kọ̀ǹpútà láti béèrè kó tó yọ kọ̀ǹpútà kankan kúrò nínú àwòrán. Ó fẹ́ kí Ìdáyátù dán an wò, kó sọ bó ṣe rí sí i.

Ìdáyátù kàn fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù ni, gbogbo ẹ̀ka wọn ní Karmo pòórá nínú àwòrán.

"Kai! Mi ò tíì ka ìbéèrè ẹ̀ tán!"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Mo ti yan 'Bẹ́ẹ̀ ni' síbẹ̀ ṣáájú, kí iṣẹ́ lè yá ni."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bá mi dáhùn? Ẹni tó bá bi èèyàn léèrè, kó dákẹ́, kó gbọ́ èsì. Ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó padà wá fi àtúnṣe hàn án. Nígbà tí kò sí àtúnṣe mọ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò kúrò níbẹ̀. Kí òjò ọdún náà tó dá, "ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ mi" ló ń pè é, inú Ìdáyátù a sì máa dùn ṣìnkìn.

Àfi lọ́jọ́ Sátidé kan tí Ìdáyátù wọlé wọn ní Karu, tó bá àwọn àgbà ilé Abdulqudus láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní pálọ̀. Alhaji Jàbárù, bàbá rẹ̀, àtàwọn àlejò ń mú ọjọ́ yìgì. Abdulqudus dé fìlà tuntun sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ìdáyátù pè é síta.

"O tún ti yan 'Bẹ́ẹ̀ ni' sílẹ̀ fún mi."

"Mo rò pé o fẹ́ràn mi ni."

"Mo fẹ́ràn ẹ! Ohun tó dùn mí gan-an nìyẹn. Ìgbà wo lo bi mí? Bó bá ṣe báyìí la ó máa ṣe, máa kó àwọn èèyàn ẹ lọ."

Omi bọ́ lójú Ìdáyátù. Abdulqudus padà wọ pálọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji Jàbárù.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mi ò tíì bi Ìdáyátù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ sílẹ̀ ná. Bó bá kọ̀, a ó dìde, a ó máa lọ."

"Láti Ògbómọ̀ṣọ́!" Ẹ̀gbọ́n bàbá Abdulqudus fò dìde.

Alhaji Jàbárù gbọ́wọ́ sókè. "Ẹ jókòó. Èmi náà gbàgbé láti bi í. Ọmọ yín yìí á tọ́jú ọmọ mi."

Abdulqudus kọjú sí Ìdáyátù, tó ti tẹ̀lé e wọlé. "Ìdáyátù, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó pa ẹnu dé, ó ń retí èsì. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀. Abdulqudus rọra di ọwọ́ àgbà náà mú. Òógùn tún bo imú rẹ̀ bíi tọjọ́ àkọ́kọ́, kò nu ún. Ìdáyátù jẹ́ kó dúró díẹ̀ ná. Ẹ ò mọ ìyà tó fẹ́ fi jẹ ẹ́!

Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Èmi ni mo sọ ọ́ o."