Celedonio Kò Sí Nínú Fọ́tò Rẹ̀

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Mo mọ̀ pé òpùrọ́ pọ̀ ní ìlú wa létí òkun Puerto Rico, èmi náà kì í ṣe àlejò láàárín wọn. Ṣùgbọ́n èyí ò ní àbùlà. Nivia tó ń tọ́jú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ṣì wà láàyè. Ẹ lọ bi í.

Ìjì líle ló ká òrùlé ilé náà lọ. Gbogbo fọ́tò àtijọ́ rin gbingbin. Obìnrin amòye kan nípa ìtọ́jú fọ́tò àtijọ́ wá láti olú ìlú, ó ní kí wọ́n kó wọn sí fírísà kí wọ́n má baà jẹrà. Fírísà wo? Àwọn apẹja nìkan ló ní jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba ńlá ìlú ṣe sùn ti ẹja pupa fún oṣù méjì gbáko. Olórí ìlú àtijọ́ kan, tí kì í jẹ́ kí apẹja jókòó níwájú òun, ìrù ẹja ló fi ṣe ìrọ̀rí.

Nígbà tó yá, Nivia ń yọ wọ́n díẹ̀díẹ̀ ní àgọ́ àwọn apẹja, ó ń rẹ wọ́n sínú omi tó mọ́. Òfin amòye ò ju ẹyọ kan lọ: fọ́tò tó bá lẹ̀ mọ́ra, má fà á. Dúró. Wọn yóò jọ̀wọ́ ara wọn.

Ojoojúmọ́ ni Ìyá Eduviges ń wá lọ́sàn-án gangan. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni. Ìjì ti gbé ilé rẹ̀ lọ tòun ti gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù láyé tó ní ojú Celedonio ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ọwọ́ Nivia ló sì wà.

"Nivia, ojú rẹ̀ ti ń lọ lọ́kàn mi. Imú rẹ̀ nìkan ni mo ṣì ń rí."

"Bí imú yẹn ṣe tóbi tó, Ìyá, ìyókù ò lè jìnnà."

Àmọ́ fọ́tò Celedonio ti dojú kọ ti Altagracia, omidan tí wọ́n dé ládé níbi kánífà, ayẹyẹ ijó ìgboro, lọ́dún kan. Wọ́n lẹ̀ pinpin.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìyá wí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn. Nivia gbé ti Celedonio sókè. Ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ hàn. Gìtá rẹ̀ fara ti ògiri. Celedonio ò sí. Kì í ṣe pé omi pa á rẹ́ o. Ibi tó dúró sí mọ́ tónítóní.

Inú fọ́tò kejì ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Altagracia, fìlà lọ́wọ́.

Níta, ẹyẹ kan ò ké. Ìjì ò fi ewé tí yóò mì sílẹ̀ lórí igi.

Ìyá Eduviges wò ó títí. "Aláìnítìjú. Fọ́tò tèmi tó wà láàárín ìwọ̀nyí dà, èyí tí mo yà nílé ẹ̀kọ́ ìránṣọ?"

"Ìyá, amòye ní a ò gbọdọ̀—"

"Ṣé amòye ló fẹ́ ẹ ni?"

Ó mú fọ́tò ara rẹ̀, ọmọge tó jókòó sórí àga níwájú maṣíìnì, ó dà á dé ti kánífà lójú, ó tẹ̀ wọ́n rì sínú omi. Wọ́n dúró. Jẹnẹrétọ̀ ṣàdédé kú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, Nivia gbọ́ nǹkan láti inú abọ́ omi. Gìrì. Gìrì. Bí ẹni ń wọ́ àga lórí pákó.

Fọ́tò méjèèjì pínyà. Altagracia dá dúró tòun tadé. Nínú èyí tí Ìyá yà, Celedonio wà lẹ́yìn àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Àga ṣófo.

"Ìyá, ẹ̀yin dà?"

"Ojú rẹ̀ nìyẹn." Omijé ń bọ́ lójú Ìyá. "Wo àpá etí rẹ̀. Mo ti gbàgbé àpá yẹn."

"Àga ṣófo, Ìyá."

"Mo rí i. Ó ń bá mi di àyè mú ni."

"Títí di ìgbà wo?"

"Celedonio? Ìgbà wo ló sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún mi rí?"

Ó ní kí wọ́n gbé e kọ́ sísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ òun yóò tó. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé padà, Nivia gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀. Láràárọ̀, kó tó ṣí fèrèsé, àga yẹn ló ń kọ́kọ́ wò, kó tó gbé kọfí lọ fún Ìyá.

Ó ṣófo lónìí náà. Ṣùgbọ́n lánàá, àga náà ò tíì jìnnà sí maṣíìnì tó báyìí: Celedonio ti ń fà á sẹ́yìn fún ẹni tó ń bọ̀ wá jókòó.