Bùbá Tí Mo Rán fún Igi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Kẹ́misọ́lá, igi ló dì mọ́.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ní Ìkòsì. Ó ku díẹ̀ kí ọyẹ́ ọdún 2006 dé, oòrùn sì mú débi pé òjìji mi gan-an sá wọ abẹ́ tábìlì. Igi fúrùùtù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kì í ṣe igi kékeré. Ewúrẹ́ tó bá fẹ́ yí i ká, ó máa lóyún lójú ọ̀nà, á bímọ, àwọn ọmọ ló máa bá a parí ìrìn náà. Ọmọge arẹwà kan wá na ọwọ́ méjèèjì yí igi yìí ká, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í, ọwọ́ rẹ̀ ò sì ká a.

"Aunty," mo ní, "ẹ fi í sílẹ̀. Ó ti níyàwó."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní téèpù yín. Mo gbàgbé tèmi sílé. Mo fẹ́ wọn àyà rẹ̀."

"Àyà igi? Ṣé bùbá lẹ fẹ́ rán fún un ni àbí kóòtù?"

Ìgbà yẹn ló wá rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dùn débi pé jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì, tó ti kú látọdún tó kọjá, fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

Téèpù mi ò yí igi ká, la bá so okùn mọ́ ọn. Bí ọwọ́ wa ṣe pàdé lẹ́yìn igi nìyẹn.

Igi niṣẹ́ Kẹ́misọ́lá. Ó ti kàwé nípa igi n'Íbàdàn, ó sì tún fẹ́ padà lọ kà sí i. Ó fẹ́ mọ bí igi ìgboro Èkó ṣe ń fara da ọyẹ́ àti òjò. Èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní JSS 2, torí pé ìwé ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀, mo ń mi orí bí ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá. Màámi gbọ́ ní Alápẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n ń gbé. "Níyì, ọmọ olówó Magodo tó ń bá igi ṣeré, ṣé orí ẹ̀ pé?"

"Màámi, ó pé ju tèmi lọ."

"Ìyẹn ò kúkú ṣòro."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ètè mi là bí ọ̀nà Ìkòròdú. Ewé fúrùùtù pọ́n, ó sì rẹ̀ dànù. Mo ní igi ti kú.

"Kò kú," ni Kẹ́mi wí. "Ojú ewé lomi ń gbà jáde lára igi. Omi ti wọ́n nínú ilẹ̀ báyìí, ló bá já ewé sílẹ̀ kó má baà gbẹ. Ara ẹ̀ gan-an á rù díẹ̀. Tójò bá dé, á tún sanra."

"Bíi kọ́sítọ́mà mi. Wọ́n á sanra ní Kérésì, wọ́n á rù tí owó ilé-ìwé bá dé. Ṣé ó ti rù látọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Igi kì í yí padà lọ́sẹ̀ kan. Ó yẹ kó pẹ́ díẹ̀ kí n tó tún wọ̀n ọ́n."

"Kí lo wá ń wá ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?"

Ó ń ká téèpù mi sọ́wọ́, kò wojú mi. "Ìwọ tóo gbọ́n, sọ ọ́ fún mi."

Ọkàn mi fò sókè, ó kan páànù, ó padà wálẹ̀, ó ní kí n fún òun lómi. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní òun náà fẹ́ràn mi, àmọ́ Daddy òun ò fẹ́ gbọ́.

"Wọ́n ní télọ̀ á gbé mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí n máa gán bọ́tìnì, pé ìwé tí mo fẹ́ lọ kà ti parí nìyẹn. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ọ́ ní Sátidé, olólùfẹ́ mi. Jọ̀ọ́, má ṣe wèrè."

Ẹni tó ní kí ẹja má lúwẹ̀ẹ́ ni. Mo fẹ́ kí Daddy rí i pé mo mọṣẹ́, kí Kẹ́mi sì rẹ́rìn-ín. Mo mú ìyókù aṣọ funfun tí mo fi rán aṣọ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan, mo rán bùbá fún igi tó wà níhòòhò. Ó lọ́rùn, ó ní àpò láyà. Ní ìdájí Sátidé, mo wọ̀ ọ́ fún un, mo fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa, mo bá sùn lọ nínú ṣọ́ọ̀bù.

Mo gbàgbé pé nílẹ̀ Yorùbá, igi tó bá ti wọ aṣọ funfun kì í ṣe igi mọ́.

Ariwo ló jí mi. Ẹnìkan ti gbé ẹyin àti epo sídìí igi. Ọlọ́kadà kan dọ̀bálẹ̀, kò tilẹ̀ pa ọ̀kadà. Ṣùkúrátù tó ń ta káàdì fóònù ti kúnlẹ̀, ó ń tọrọ ọkọ tí kì í hanrun.

"Ṣùkúrá, fúrùùtù ni."

"Dákẹ́. Òrìṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni."

Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò Daddy dúró. Daddy, ìyẹn Díákónì Akínbíyì, sọ̀ kalẹ̀, Kẹ́mi tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wo igi, wọ́n wo ẹyin, wọ́n wo èmi. Ojú wọn le débi pé ọyẹ́ gan-an yà lọ́nà fún wọn.

"Kẹ́misọ́lá, ṣé abọ̀rìṣà lo fẹ́ fẹ́?"

Omijé lé ròrò sí Kẹ́mi lójú. Ìtìjú bò mí bí ẹ̀wù.

Daddy ká apá ẹ̀wù sókè, wọ́n gbá bùbá mú. "Lórúkọ Jésù, ya." Kò ya. Wọ́n fà á títí, òógùn bò wọ́n, kò ya. Èrò sún sẹ́yìn. Ṣùkúrátù ní, "Mo sọ fún yín."

Mo dọ̀bálẹ̀. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fà á mọ́. Kì í ṣe òrìṣà ló dì í mú. Òwú mi ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ojú rírán kọ̀ọ̀kan kọjá."

"Ìwọ lo rán an?"

"Èmi ni, sà. Mo fẹ́ kí ọmọ yín rẹ́rìn-ín ni."

Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ṣùkúrátù gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó ní Ọlọ́run á dá mi lẹ́jọ́. Ó kó ẹyin lọ, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló gbé e wá.

Mo mú àlùmọ́gàjí, mo tú ẹ̀gbẹ́ bùbá. Daddy gbà á, wọ́n yí inú rẹ̀ síta. Aṣọ tí mo ká sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

"Kí lo ká gbogbo èyí sínú fún?"

"Á sanra, sà, tójò bá dé. Tí mo bá gé e mọ́ ọn lára, á há a. Bó bá ṣe ń tóbi, màá máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé igi ń sanra?"

"Ọmọ yín ni, sà."

Daddy fi ìka wọn ojú rírán náà títí.

"Ọmọ mi yìí náà ò tíì dàgbà tán. Ìwé ṣì kù tó máa kà. Ṣé o máa ká aṣọ sínú fún un?"

Èmi tí mo lè fi ẹnu kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kẹ́mi bú sẹ́rìn-ín tòun tẹkún.

Ọdún tó tẹ̀ lé e la ṣègbéyàwó. Ìyàwó mi ti wà n'Íbàdàn, ó ń kàwé. Òjò àkọ́rọ̀ já lu àlejò lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn sá wọlé, àwọn arúgbó ló ṣáájú. Kẹ́mi bọ́ bàtà, ó fà mí síta.

"Gbóòórùn yẹn, Níyì mi. Kì í ṣe ti òjò, ti ilẹ̀ ni. Ó ti pa á mọ́ látìgbà ọyẹ́, ó ń retí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án."

Mo dì í mọ́ra nínú òjò. "Èmi náà bẹ́ẹ̀, olówó orí mi lọ́nà òdì."

Ó ní ọ̀rọ̀ mi ò nítumọ̀. Kò sì fi mí sílẹ̀.