Orúkọ Tí Mùbárákà Fún Wọn ní Fìdítì

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Mùbárákà jókòó ti agbada lẹ́yìnkùlé wọn ní Ìlọrà, ó ń yan gàrí bó ṣe ń yan án láti ọgbọ̀n ọdún wá, nígbà tí mọ́tò Nasrullah yà wọ agbo ilé.

Nasrullah kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ọmọ Tahirah, orogún rẹ̀, ni. Ó kàwé gboyè ní Ìbàdàn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ya fọ́tò inú ojú. Kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì lọ, fóònù ni wọ́n so mọ́ ọn. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ yẹ inú ojú wò ní láti wá ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ olówó gọbọi lọ. Èyí ṣeé gbé sínú àpò dé abúlé.

Inú Mùbárákà ò dùn sí i rárá. Ká má parọ́, owú ni. Sìrájù, ọmọ tirẹ̀, ti pa ìwé tì ní girama, ọ̀kadà ló ń gùn. Gbogbo ará àdúgbò tó bá ti ń kí Tahirah kú oríire, ara Mùbárákà ló ń ta.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n yẹ ojú yín wò," Nasrullah wí lẹ́yìn tó dọ̀bálẹ̀ kí i. "Ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Kò ní dùn yín."

"Kí ló ṣe ojú mi? Lọ fi nǹkan ìṣeré rẹ ya ìyá ẹ!"

Bẹ́ẹ̀, ojú ń ṣe é. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó ti ń fi èjìká òsì gbá ilẹ̀kùn. Èéfín gàrí ló ń dá lẹ́bi. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe òun, àmọ́ kò fẹ́ kí Tahirah lè sọ láé pé ọmọ òun ló bá ìyálé òun tọ́jú ojú. Nígbà tó gbọ́ pé nọ́ọ̀sì kan máa lo ẹ̀rọ náà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Fìdítì, lọ́jọ́ tí Nasrullah máa wà ní Ìlọrà, ó fi ìbòrí borí dáadáa, ó wọkọ̀ lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," Dorothy, nọ́ọ̀sì náà, kí i. "Kí lorúkọ yín?"

Mùbárákà fa ìbòrí rẹ̀ síwájú. "Ummu-Salamah. Awẹ́ ni mò ń gbé. Mi ò ní fóònù."

Fóònù wà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀ níbẹ̀.

Iná funfun kan bù yẹ̀rì, wọ́n ti ya ojú méjèèjì. Dorothy ní dókítà kan ní Ọ̀yọ́ ló máa wo fọ́tò náà, kí Màmá padà wá gbọ́ èsì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà pé, Nasrullah fúnra rẹ̀ ló wà ní Fìdítì. Mùbárákà ò lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé ń jẹun, Nasrullah ò lè jẹ tirẹ̀.

"A ń wá obìnrin kan, Ummu-Salamah, ará Awẹ́," ó wí.

"Kí ló ṣe é?" Ṣàfíù, ọkọ àwọn obìnrin méjèèjì, béèrè.

"Gilọkómà ni, Bàbá. Agbára omi inú ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù, ó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Kì í dunni. Ìríran ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ máa ń jẹ, èèyàn ò ní tètè mọ̀. Èyí tó bá ti lọ kì í padà, àmọ́ tó bá ń kán oògùn sójú lójoojúmọ́, a lè dá ìyókù dúró."

Mùbárákà mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wá. Gbólóhùn kan péré ni ì bá sọ. Ó wo bí Tahirah ṣe ń wo ọmọ rẹ̀ tìyangàn-tìyangàn, owú sì dì í lẹ́nu. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun máa dá lọ sí Ọ̀yọ́ tí òun bá ti yan gàrí tó wà nílẹ̀ tán. Gàrí ò tán. Oṣù mẹ́jọ kọjá. Láàárín ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Tahirah wọṣọ lọ sí Awẹ́. Mùbárákà ò bi í léèrè. Ó gbà pé ó ń lọ fi ọmọ rẹ̀ ṣe fáàrí ni.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Mùbárákà fẹ́ sọdá títì, ọ̀kadà gbá a láti ọwọ́ òsì. Orúnkún rẹ̀ bó, gàrí rẹ̀ dà sílẹ̀.

"Ìyá, ṣé ẹ ò rí mi ni?" ọlọ́kadà náà kígbe. "Mo fọn fèrè títí!"

Kò rí i lóòótọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún. Títì, ọjà, oòrùn, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn.

Nígbà tó délé, Nasrullah àti ìyá rẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Èmi ni Ummu-Salamah," ó wí.

Nasrullah ṣí fóònù rẹ̀, fọ́tò ojú náà ṣì wà níbẹ̀. Tahirah ló bú sẹ́kún.

"Ìyálé mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹsẹ̀ rìn yí Awẹ́ ká! Mọ́sálásí wo ni mi ò dé? Mo ní ìyá ọmọ kan ni, kó má baà fọ́jú. Ẹ̀yin ni mo sì ń bá jẹun tí mo bá dé!"

Dókítà ní ojú òsì ti lọ. Ìdajì ìríran ojú ọ̀tún ló kù, oògùn kíkán ló sì máa dì í mú títí ayé. Ọwọ́ Mùbárákà máa ń gbọ̀n, torí náà Tahirah ló ń bá a kán an láràárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Owú náà ò tíì kú tán. Ó ṣì máa ń gún un lọ́kàn nígbà tó bá gbójú sókè tí ọwọ́ orogún rẹ̀ ń bọ̀. Àmọ́ ó ń gbójú sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á, bí ẹ bá ti pé ogójì ọdún, tàbí tí ẹ ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí ẹnì kan ti fọ́jú nínú ìdílé yín, ẹ lọ yẹ ojú yín wò. Ẹ má dúró kó dùn yín, torí ó lè má dùn yín títí yóò fi fọ́. Ọmọ ẹni yòówù kó ṣe ẹ̀rọ náà, ojú tiyín ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ẹ sọ orúkọ yín gan-an, ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù yín, kí ẹ sì padà lọ gbọ́ èsì.